Ọkọ̀ Tí Mo Ní Mo Rí Lójú Ìran

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run nígbà kan. Irọ́ náà ló sọ mí di ìyàwó ọkọ mi, ó sì ti pẹ́ débi pé gbogbo ilé ló ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò mọ̀. Ọkọ mi kò mọ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbé e kiri láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé wọ́n tún ti ní kí n wá ríran. Àbúrò ọkọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kò mọ̀ bóyá ọdún yìí ni kí òun kọ fọ́ọ̀mù sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn n'Ìbàdàn, tàbí kí òun kọ́kọ́ fi ọdún méjì kún ìwé tí òun ti kà. Ọkọ mi ní kí a má da ara wa láàmú, pé aríran wà nínú ilé. Èmi ni aríran náà.

N kò ní kọ orúkọ mi síbí. N kò ní kọ ti ọkọ mi náà. Tíṣà ni gbogbo ará Ìbà ń pè é, ohun tí èmi náà ń pè é nìyẹn. Ọmọ Okokomaiko ni mí. Gàrí ni ìyá mi ń yan níbẹ̀, èmi náà sì ń yan án títí di òní, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti kó ìdọ̀tí bá ìwé yìí, ẹ má bínú.

Nígbà tí mo ń wí yìí, ìjọba kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní ó tó. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúrà kékeré kan wà ní Okokomaiko, ilé alámọ̀ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lórí. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń darí rẹ̀, Ìyá Àdúrà là ń pè wọ́n. Aríran méjì ló wà nínú ìjọ náà: èmi, àti obìnrin kan tó tó bí mi, tí à ń pè ní Ìyá Rèbékà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹlẹ́tàn ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ríran lóòótọ́. Ọmọ kan sọnù ní Okokomaiko nígbà tí mo ṣì kéré, mo di ojú mi, mo rí i lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n sì lọ bá a níbẹ̀ tó sùn lọ fọnfọn. N kò mọ bí ó ṣe ń wá. Ó kàn máa ń wá ni, nígbà mìíràn kì í sì í wá. Bí kò bá wá, a ó sọ pé a kò rí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí yóò bínú.

Ìyá Àdúrà ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Aríran kò gbọdọ̀ ríran fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n ní bí ọkàn bá ti ń fa ènìyàn síbì kan, kò ní mọ ohùn Ọlọ́run yàtọ̀ sí tara rẹ̀ mọ́. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú aríran, kò ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn dìde, yóò bọ́ síta, ẹlòmíràn yóò sì gba iṣẹ́ náà. Òfin tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọn kò rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é: ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá dìde tó bọ́ síta, gbogbo ìjọ ti mọ ẹni tó ń fẹ́ nìyẹn.

Tíṣà ni mo ń fẹ́. Ọmọ Ìbà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ọ̀jọ́, ó sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ti ka ìwé girama tán l'Ékòó. Bí ó bá ń ka Bíbélì fún ìjọ, bí eṣinṣin bá bà sí ojú ọmọ kan nítòsí, yóò fi ọwọ́ lé e láìdákẹ́ ìwé kíkà, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣe é. Eṣinṣin yẹn ló kó bá mi. Mo sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Tíṣà fẹ́ di dókítà. Ìyá rẹ̀ kú níbi ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bí àbúrò rẹ̀ ìkẹyìn, kò sì sí dókítà kankan nítòsí. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé òun yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí ó lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà n'Ìbàdàn ní kí ó tètè máa bọ̀ lọ́dún náà, kí àyè tó kún. Bàbá rẹ̀ ní kí ó ṣe sùúrù. Òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù, nítorí pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì àti físíìsì nílé-ìwé tó lọ, ó ṣì ń dá wọn kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá lọ ṣe ìdánwò náà tó kùnà, ojú á tì í. Bí ó bá sì dúró, ọdún kan ti lọ.

Mo gbọ́ ní ọjọ́ kan pé yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láti Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ kejì, pé ó fẹ́ kí pírínsípà rẹ̀ àtijọ́ bá òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ń lọ ra ẹja yíyan ní Ọ̀jọ́. Ẹja wà nílé. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ẹja tó wà lórí ààrò yìí ńkọ́? Ṣé ó ti fò padà sínú omi ni?" Mo ní ọ̀kan tó tóbi jù ú ni mo ń wá. Ní tòótọ́, mo kàn fẹ́ rí Tíṣà kó tó lọ ni.

Èmi nìyẹn ní èbúté Ọ̀jọ́ láàárọ̀, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, èéfín ń ta mí lójú. Tíṣà dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ká sòkòtò rẹ̀ sókè, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi fọ́ọ̀mù náà há abíyá. Èrò ti wọnú ọkọ̀, àgbọn kún ibẹ̀ bámúbámú. Àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ọkọ̀, ọkọ̀ kò lọ. Omi ti fà lábẹ́ rẹ̀, ó ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n tì, wọ́n tì, wọ́n ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún tì í. Ni ọlọ́kọ̀ bá ní kí ẹni tó bá ń kánjú máa fẹsẹ̀ rìn.

Tíṣà wo omi títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó yí padà sílé. Ẹ̀gbẹ́ mi ló gbà kọjá. Mo fi ìborùn bojú, mo sì dojú kọ ẹja bí ẹni tó ń ná an. N kò ra ẹja kankan. Mo sọ fún ìyá mi pé ó wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ là ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ láàárín wa, ó ní, "Ìyá Àdúrà, ẹ bá mi bi Olúwa. Ṣé kí n lọ lọ́dún yìí ni, àbí kí n dúró? Èyí tó bá sọ ni mo máa ṣe." Kò sọ nǹkan kan nípa èbúté. Kò sọ pé òun ti jáde láàárọ̀ rárá.

Ìyá Àdúrà gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí mi. "Dìde, ọmọ mi. Kí lo rí?"

Mo dìde. Ìlẹ̀kùn kò jìnnà sí mi, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Rèbékà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ojú ìran wọn là kedere, wọn ì bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi láìjanpata. N kò bọ́ síta. Mo ro bí gbogbo ìjọ yóò ṣe yíjú tẹ̀lé mi. Mo ro bí àwọn ẹgbẹ́ mi yóò ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ààrò gàrí, pé èmi oníwèé kẹrin ń fẹ́ ẹni tó ń lọ di dókítà. Mo tún ro nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ dókítà kì í ṣe ọdún kan, kì í ṣe ọdún méjì. Bí ó bá lọ, àwọn nọ́ọ̀sì tó gbọ́ òyìnbó ni yóò rí níbẹ̀. Kò ní rántí Okokomaiko mọ́.

Mo di ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo dúró dè é. Mo fún Ọlọ́run láyè. N kò rí nǹkan kan. Ó yẹ kí n sọ pé n kò rí nǹkan kan, kí n sì jókòó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ya ẹnu mi, mo ní:

"Mo rí ọkọ̀ kan ní èbúté. Ẹrù ti kún inú rẹ̀, èrò ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n omi ti fà, ọkọ̀ náà jókòó sínú ẹrẹ̀. Ohùn kan wá ní, ẹ dúró, omi kò tíì kún."

Èmi kò gbọ́n tó láti dá irọ́ tuntun hun. Ohun tí mo fojú mi rí láàárọ̀ ni mo sọ, mo kàn fi ohùn kún un.

Tíṣà gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ranjú mọ́ mi. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé mo wà ní èbúté. Omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Olúwa, mo gbọ́. Mo dúró." Gbogbo ìjọ kígbe alelúyà. Mo jókòó, ara mi ń gbọ̀n, Ìyá Àdúrà sì rò pé ẹ̀mí ló ṣì wà lára mi.

Kò kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́dún yẹn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wá sí ibi tí a ti ń yan gàrí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mú páálí ṣúgà kan wá. Ó jókòó lórí agbọ̀n tí a dojú rẹ̀ dé, ó ní, "Ohùn tó bá ẹ sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé kò sọ ìgbà tí omi máa kún?" Mo ní kò sọ ọ́. Ó ní ó dáa, pé bóyá bí òun bá ń wá béèrè lemọ́lemọ́, yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó sì ń wá lóòótọ́. Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun dáadáa, ìyá mi sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ẹ má rò pé mo gbàgbé. Mo ti pinnu pé bí ọdún bá yípo, n ó lọ bá Ìyá Àdúrà, n ó jẹ́wọ́, Ìyá Rèbékà yóò sì béèrè fún un bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún náà tó dá, bàbá Tíṣà kú. Àwọn àbúrò mẹ́ta ló kù sí i lọ́rùn, èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ta ni yóò bọ́ wọn? Tíṣà fi fọ́ọ̀mù náà pamọ́ sínú àpótí, ó ra aṣọ ilé-ìwé fún wọn, ó tún ojú ilé ṣe. Nígbà tí ọdún kejì fi máa parí, ó ti fẹ́ mi. Ìyá Àdúrà ló gbàdúrà sí wa lórí. Wọ́n ti lọ sọ́run báyìí, n kò sì rí i sọ fún wọn.

Láti ọjọ́ irọ́ yẹn, ìran kò wá mọ́. Mo ń di ojú, mo ń dúró, òkùnkùn lásán ni. Mo sọ fún ìjọ pé ọmọ títọ́ ti gba àkókò mi. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi dára sí mi, ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tó ń pa mí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń nà mí ni, ì bá ti yá mi lára láti sọ ọ́ nínú ìbínú. Kò bínú sí Ọlọ́run rí pé òun kò di dókítà. Ó ń di ọgbẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó ń fún wọn lóògùn aràn. Ẹja kò tíì wọ ìkòkò nílé wa rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ là á fún àwọn ọmọ, yóò fi ọkàn rẹ̀ hàn wọ́n, yóò fi ẹ̀dọ̀ hàn wọ́n, ebi yóò sì máa pa gbogbo wa. Bí mo bá ní kí ó tètè ṣe, yóò ní, "Omi ò tíì kún." Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti gbogbo ilé. Bí ìrẹsì kò bá tíì jinná, omi kò tíì kún. Bí àlejò bá pẹ́ kó tó dé, omi kò tíì kún. Àwọn ọmọ mi ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ní gbogbo ìkórè, Tíṣà máa ń dìde jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó máa ń ní, "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti dé èbúté. Ojú mi báyìí ni ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún ẹnì kankan. Okokomaiko ni ìyàwó mi wà. Ta ló sọ fún un? Ẹ bá mi bi í, ta ló sọ fún un?" Ìjọ á dáhùn pé Ọlọ́run ni. Yóò wá sọ pé bí òun bá ti lọ ni, bàbá òun ì bá kú lẹ́yìn òun, àwọn àbúrò òun ì bá sì fọ́n ká. Ó gbà pé Ọlọ́run mọ òun lórúkọ, pé ó wo òun ní èbúté lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó wò ó ní èbúté, èmi ni. Èmi ni mo fara pamọ́ sínú èéfín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i kí ọkàn rẹ̀ mì. Gìrì gbé ọmọ aládùúgbò wa kan. Tíṣà gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́, ó ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú sí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó padà dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ká ní mo lọ lọ́dún yẹn, mi ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ní kí n dúró." Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo bu omi fún un, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní báyìí, ó kan àbúrò rẹ̀, ìkẹyìn yẹn, ẹni tí ìyá wọn kú lé lórí. Ọmọ ọkọ mi ni, n kì í pe orúkọ rẹ̀; Eyínafẹ́ ni mò ń pè é, nítorí èjí rẹ̀. Mo ń pọ́n ọn lé nítorí pé mo bá a nínú ilé, òun náà ń pọ́n mi lé nítorí pé èmi ni mo ń di irun fún un lọ sí ilé-ìwé. Ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí ṣe ló fẹ́ ṣe. Ìparí oṣù ni wọn kò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́.

Tíṣà kò fẹ́ kí ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó ní, "Ìyàwó mi, bi Olúwa léèrè fún wa bí o ṣe bi í fún mi. Ohun tó bá sọ, a fara mọ́ ọn." Mo ní ìran kì í wá mọ́. Ó ní kí n gbààwẹ̀, pé yóò wá. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, ó fi Bíbélì lé e. Ibẹ̀ ló wà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Mo pe Eyínafẹ́ sí ìdí ààrò, èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan. Mo ní, "Eyínafẹ́, n kò rí nǹkan kan."

Ó ní, "Ìyàwó wa, bóyá tó bá di ọ̀la."

Mo ní, "N kò ní rí nǹkan kan lọ́la. Kí ni olùkọ́ yín tó kọ́ yín ní kẹ́mísìrì sọ?"

"Wọ́n ní kí n lọ báyìí. Wọ́n ní ìwé náà ṣì wà lórí mi dáadáa, pé tí n bá kùnà, mo ṣì lè padà wá ka ọdún méjì yẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ọkàn yín sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní, "Ẹ̀rù kì í ṣe ìran."

Ó ń fọwọ́ ro gàrí tí kò kàn án. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún bùọ̀dá mi bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sọ fún wọn, mo máa kọ ọ́ lónìí. Mi ò lè kọ ọ́ lójú wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń retí Ọlọ́run." Mo ní n ó sọ. Mo ti jókòó ti Tíṣà ní ìgbà púpọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti gbé oúnjẹ fún un, mo ti kó àwo. N kò tíì sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú yín yóò sọ. Yóò ní kí n kúkú sọ pé mo ríran, pé omi ti kún, kí ọmọ lọ. Ó rọrùn. Mo ti rò ó títí. Ọ̀nà dáadáa ni irọ́ yẹn ì bá gbé e gbà, ṣùgbọ́n irọ́ ṣì ni. Bí ó bá ní ìṣòro n'Ìbàdàn lọ́la, yóò rò pé Ọlọ́run ló ní kí òun wá. Mo ti fi ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀, n kò lè fi èkejì ṣe é. Mo fẹ́ kí ó lọ nítorí pé ó fẹ́ lọ.

Kì í ṣe pé Tíṣà yóò lé mi ni ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Kò ní lé mi. Bí ó bá gbọ́, kí ni yóò kù fún un? Ó ti fi ọkọ̀ yẹn tu ara rẹ̀ nínú láti ọdún mẹ́jọ yìí wá. Bí mo bá mú un kúrò, a jẹ́ pé ó dúró lásán ni. Ọmọ tó kú lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti ṣẹ ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí, báwo ni ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ẹ dúró ni, àbí ẹ kúnlẹ̀? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn.

Nǹkan kan ṣì kù tí n kò tíì sọ fún yín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìròyìn yín bá dé Ìbà, Tíṣà máa ń ka ojú ìwé yìí sókè fún wa lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ níbí, àwọn aládùúgbò á máa ṣépè, Tíṣà á ní kí wọ́n rọra, pé ẹni tó lè kọ ọ́ ti sunkún lórí rẹ̀ ná. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. N kò fi orúkọ sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa yóò mọ̀ ọ́n.

Tíṣà, bí ẹ bá ti kà á débí, ohùn yín ti ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè mọ́. Ẹ̀yìn yín ni mo wà, nídìí ààrò, n kò sá lọ. Ẹ fún ọmọ náà ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ máa ń bi ìjọ pé ta ló sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èbúté ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ni mo wá wò.